Àwo Tí Kò Hu Nǹkan Kan

Òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wa ní Táíwò Road. Èkíní ni ti ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú ike. Èkejì ni ti oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu orí tábìlì láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta, tí ooru ọ̀sán máa ń gbé jáde, ni ti ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí a ń pò mọ́ oúnjẹ àwọn kòkòrò àìsàn tí ojú lásán ò lè rí. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Kòkòrò ń jẹun, àwa la sì ń sè é fún wọn. A ó da oúnjẹ náà sínú àwo pẹlẹbẹ, yóò dì bí ẹ̀kọ tútù, a ó fi ìtọ̀ aláìsàn ra á lójú, a ó sì gbé e sínú àpótí ìgbóná di ọjọ́ kejì. Bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀ náà, yóò hù lójú àwo ní róbótó-róbótó. Bí kò bá sí, àwo náà á mọ́ bí a ṣe gbé e wọlé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò tí mo ń ṣe nìyẹn ní àwọn ọdún tó kángun sí 1990, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, tí mo sì rò pé kò sí ohun tí ojú mi ò lè rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Iná mànàmáná ló ń mú àpótí yẹn gbóná, ìwọ náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Ìlọrin nígbà náà. Ó lè wà láàárọ̀, kó lọ lọ́sàn-án, kó tún dé nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti bú u tán. Nítorí èyí, àṣà kan wọ inú iṣẹ́ wa láìsí ẹni tó pè é wọlé. Bí àwo bá ti mọ́, a ó ní iná ló fà á. Kòkòrò wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òtútù ló pa á kó tó hù. A ó wá wo ìtọ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, bí a bá sì rí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, a ó kọ ọ́ sí ìwé pé kòkòrò wà. Ọ̀gá wa kì í ṣe oníjìbìtì o. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀. Òwe kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn: "Bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ ogun ara ni ẹ̀jẹ̀ funfun, ọmọ ogun kì í sì péjọ síbi tí ọ̀tá ò sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, ohun tó bá dùn létí ni mo máa ń gbà gbọ́.

Àdúgbò Ṣàngó la ń gbé, èmi àti ìyá mi, nínú yàrá méjì lẹ́yìn ilé Baba onílé. Ìjẹ̀ṣà ni wá, aṣọ ni ìyá mi ń rán. Baba onílé ní tiwọn jẹ́ ọmọ Hausa tí àwọn baba ńlá wọn ti tẹ̀dó sí Ìlọrin láti ayébáyé. Obì ni wọ́n ń kó lọ sí òkè Ọya. Ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ jù nínú ilé náà ni ìyàwó wọn, tí à ń pè ní Ìyá Oníkéwú. Láàárín ìrun Àyìlá sí Alásàrì, àwọn obìnrin máa ń pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé pẹ̀lú wàláà lórí itan, Ìyá Oníkéwú á sì máa kọ́ wọn ní kéwú. Ó máa ń wù mí láti dúró wò wọ́n. Obìnrin tó ti bímọ mẹ́fà, tí ń ta ata ní ọjà láàárọ̀, á máa fi ìka tọ alífù bí ọmọ ọdún mẹ́ta, Ìyá Oníkéwú á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú obì lẹ́nu, wọn ò sì ní kánjú. Ohùn wọn kò ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka Kùránì, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì pàápàá máa ń dẹsẹ̀ dúró.

Kẹ́tùlù àlùwàlá kan wà, aláwọ̀ ewé, tí kì í jìnnà sí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n máa ń dìde nínú ẹ̀kọ́ kan, wọ́n á gbé kẹ́tùlù náà, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bí àsìkò ìrun bá tó, láti inú yàrá wa ni mo ti máa ń gbọ́ ìró omi. Wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á gbé ìrun dúró, kò ní pẹ́, ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ á tún dún, omi á tún dún. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n lóṣòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ ikùn mú, tí òógùn bo ojú wọn nínú ọyẹ́. Mo bẹ̀rù. Mo ní kí ló dé, Ìyá?

"Ó ń ta mí bí ata, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Bó bá ti kún díẹ̀ báyìí, á dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀. Bí mo bá tọ̀, á fúyẹ́. Kò ní pẹ́, á tún dé. Ó di ọdún kẹta."

"Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?"

"Kí ni n ó sọ? Ìrora yẹn, mo lè ṣe sùúrù fún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró níwájú Ọlọ́run kí n parí rákà mẹ́rin."

Èmi ni mo dá a lábàá. Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbé ìtọ̀ yín lọ síbi iṣẹ́ wa, a ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, dókítà á sì fún yín ní oògùn rẹ̀. Inú mi dùn pé èmi náà wúlò nínú ilé náà. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí náà ni.

Àwo méjì la gbé sínú àpótí ìgbóná lọ́jọ́ náà, ti Ìyá Oníkéwú àti ti awakọ̀ kan láti àdúgbò Challenge. Kí n tó gbé wọn wọlé, mo wo ìtọ̀ Ìyá Oníkéwú lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ̀jẹ̀ funfun ló kún ibẹ̀, wọ́n há ara wọn mọ́ bí èrò ọjọ́ ọdún ní Yídì. Mo ní ní ọkàn mi pé kòkòrò tó wà níbí á pọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ṣí àpótí náà. Ojú àwo awakọ̀ kún fọ́fọ́, kòkòrò ti hù débi pé o ò rí àyè tó ṣófo. Àwo Ìyá Oníkéwú mọ́ tónítóní. Mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí àmì kan.

Inú àpótí kan náà ni wọ́n sùn. Iná kan náà ló lọ fún àwọn méjèèjì. Mo gbé wọn lọ bá ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Mo ní, "Ọ̀gá, ti awakọ̀ yìí hù o. Ti ìyá yìí ò hù."

Ọ̀gá wò wọ́n. Wọ́n ní, "Kòkòrò ti awakọ̀ lágbára ni. Ti ìyá yẹn ò lè fara da òtútù."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ọ́, rántí pé mo rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó ń pa mí lẹ́kún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ojú mi rí òtítọ́, ẹnu mi sì fi í ṣẹ̀rín. Ọ̀gá tún tọ́ka sí máíkírósíkóòpù, wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀jẹ̀ funfun tó wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n wá ṣeré ni? Kọ ọ́, jàre." Mo jókòó, mo kọ ọ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé mèremère tí mo máa ń fi yangàn nígbà náà. Mo kọ ọ́ pé ọyún wà, ó pọ̀, bí a ṣe máa ń kọ ẹ̀jẹ̀ funfun sínú ìwé. Mo kọ ọ́ pé kòkòrò wà, ó pọ̀. Mo lu òǹtẹ̀ sí i, mo sì gbé e lọ fún Baba onílé fúnra mi, nítorí àwọn ni wọ́n fẹ́ ra oògùn.

Baba onílé ò mọ ìwé òyìnbó kà dáadáa. Wọ́n mú un lọ bá ọkùnrin kan tó ní kẹ́míìsì ní Challenge, ẹni tí gbogbo àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀ ń pè ní dókítà. Ọkùnrin náà kà á, ó kó ètè rẹ̀ jọ. Ó ní, "Ọyún àti kòkòrò pọ̀ báyìí nínú ìtọ̀ obìnrin? Àlájì, àtọ̀sí nìyí." Ìwọ náà mọ ohun tí àtọ̀sí túmọ̀ sí nílé ọkọ. Kì í ṣe orúkọ àìsàn lásán, ìdájọ́ ni. Bí kì í bá ṣe ọkọ ló kó o wálé, a jẹ́ pé ìyàwó ló lọ gbà á wá láti ibòmíràn.

Èèyàn rere ni Baba onílé. Bó bá jẹ́ ọkọ mìíràn ni, ariwo ni ì bá pa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n wá síbi iṣẹ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi fìlà bo iwájú orí, wọ́n ní kí n wo ìtọ̀ tiwọn náà kí ìyá mi má gbọ́. Mo wò ó dáadáa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ funfun, àwo wọn ò hu nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé kò sí ọmọ ogun níbẹ̀, a ò dá iná lẹ́bi. Mo fi ẹ̀rín pàdé wọn nígbà tí wọ́n padà wá gbọ́ èsì. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ fún wọn.

"Baba, ara yín mọ́. Ẹ ò ní nǹkan kan."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Baba."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Òtítọ́ ni mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí mo sọ gùn lé irọ́ tí mo ti kọ ṣáájú, àwọn méjèèjì sì jọ di okùn mọ́ ọrùn obìnrin kan.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pé jókòó nínú pálọ̀: Baba onílé, ẹ̀gbọ́n Ìyá Oníkéwú tó wá láti inú ìlú, àti àlùfáà àgbà tó so yìgì wọn. Fèrèsé pálọ̀ kọjú sí yàrá wa. Mo rí ìwé mi lórí ẹní níwájú wọn. Àlùfáà bi Ìyá Oníkéwú léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi wàlàhí búra pé ọkùnrin mìíràn ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Ìbúra kẹta kò tíì parí tí wọ́n fi gbé kẹ́tùlù dìde, nítorí àìsàn kì í dúró de ẹjọ́, mo sì gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọn ń mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Baba onílé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìwé ló sọ ọ́."

Mo dìde. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé àwo méjì ló wà, pé ọ̀kan hù, ọ̀kan ò hù. Ìyá mi di ìró mi mú. Ó ní, "Jókòó. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, nínú ilé onílé. Àlejò ni wá níbí. Kí ni o fẹ́ lọ sọ?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń di ẹ̀bi yẹn ru ìyá mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Òdodo ibẹ̀ ni pé ara tù mí nígbà tó dì mí mú. Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀gá á lé mi, gbogbo Táíwò Road á sì gbọ́ pé ìwé wa kò ṣeé gbára lé. Mo jókòó.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Oníkéwú di ẹrù wọn. Kò pọ̀: aṣọ, Kùránì, wàláà mẹ́jọ tí wọ́n fi aṣọ dì, àti kẹ́tùlù. Ilé ẹ̀gbọ́n wọn nínú ìlú ni wọ́n ń lọ. Wọ́n kọjá níwájú yàrá wa, wọ́n dúró. Wọn ò bínú. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọsẹ̀ nínú kíkà.

"Ọmọ mi, ìwọ lo wo ìtọ̀ yẹn. Ohun tí o rí náà ni o kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ni mo wí.

Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ṣófo láti ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin oníkéwú kọ́kọ́ ń béèrè wọn, nígbà tó yá wọ́n gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ, wọn ò béèrè mọ́. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn ń mú wọn kiri kẹ́míìsì, pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò títí ìdí wọn fi le bí igi, pé ìrora náà ò sì dínkù. Báwo ni yóò ṣe dínkù? Kòkòrò tí kò sí, ta ló lè pa á?

Mo fi ibi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, èmi àti ìyá mi sì kó kúrò ní Ṣàngó. Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo kọ́ bí a ṣe ń gé ẹran ara pẹlẹbẹ kí a fi aró kùn ún kí ojú lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá kan nínú ìlú sì gbà mí. Nígbà tí ọdún mẹ́fà ti kọjá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwo náà ni dókítà obìnrin kan, tó ń tọ́jú àìsàn àpòòtọ̀, gbé ìgò kékeré kan wá fún mi. Ẹran tó wà nínú rẹ̀ ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ara àpòòtọ̀ obìnrin kan ni wọ́n ti gé e. Dókítà ní òun ti fi ẹ̀rọ oníná tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú àpòòtọ̀ náà, ó pọ́n, ó ń sun ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín. Ó ní kí n fi aró aláwọ̀ búlúù kan báyìí kùn ún, èyí tí a kì í sábà lò. Nọ́ńbà ni mo tẹ̀ lé, n kò wo orúkọ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo rí àwọn nǹkan róbótó kan tí aró náà ti sọ di elésè àlùkò láàárín ẹran tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Wọ́n kún fún hóró wẹ́wẹ́, bí àpò ọkà. Àwọn mìíràn ti ya, hóró inú wọn ti tú dà sílẹ̀ yí wọn ká. Mo bi Dókítà kí ni wọ́n.

"Ẹ̀ṣọ́ ara ni wọ́n," ni ó wí. "Máàsì sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Wọn kì í rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀ bí àwọn yòókù, inú ẹran ara ni wọ́n ń gbé. Oògùn tí wọ́n fi ń jà ló wà nínú hóró yẹn. Wọ́n ti pọ̀ jù níbí, wọ́n sì ń tú u dà lásán. Òun ló ń ta obìnrin náà bí ata, òun ló ń pe ẹ̀jẹ̀ funfun jọ."

"Kòkòrò wo wá ni wọ́n ń bá jà?"

"Kò sí kòkòrò kankan. A gbin ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò hù. A wá kòkòrò ikọ́ fée níbẹ̀, a ò rí i." Ó rí i pé ojú mi ti yí padà, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ni kò yé mi. "Rò ó bí ọdẹ tí wọ́n fi ṣọ́ ilé. Ó gbọ́ pẹ́kí, ó yìnbọn. Ọta ba ògiri, ògiri dún. Ó ní olè nìyẹn, ó tún yìn. Ilé ń wó, olè ò sì wọlé rí. Ohun tó kọ́kọ́ jí ọdẹ náà, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n. A lè mú kí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, kí obìnrin náà sì yé jẹ obì àti ata. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí pé yóò lọ pátápátá."

Bí ó ti dárúkọ obì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ṣàngó wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé ìgò náà, mo wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Orúkọ Ìyá Oníkéwú ni. Ohun tó ń dún létí mi ni òwe Kúmólú. Àwọn ọmọ ogun péjọ lóòótọ́, ojú mi rí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀tá. Àwo yẹn ti sọ fún mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní gbangba, lójú fèrèsé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ náà ń rìn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?

Ní ọjọ́ tí wọ́n wá gba èsì, mo rí Ìyá Oníkéwú lórí bẹ́ǹṣì, ní ìparí ibi tó sún mọ́ ilé ìtọ̀ jù. Wọ́n ti rù, irun tó yọ lábẹ́ ìbòrí wọn ti funfun. Kẹ́tùlù náà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹnu rẹ̀ ti fọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo ènìyàn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: àwo méjì, iná, ẹ̀rín tí mo rín, ìwé tí mo kọ. Wọ́n gbé kẹ́tùlù, wọ́n wọ ilé ìtọ̀ lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí wọ́n jókòó padà, wọ́n ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ti awakọ̀ hù. Tèmi ò hù. O sì rí i."

"Mo rí i, Ìyá."

"Mo bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ yẹn."

Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ, kò sì sí èébú tí ì bá dùn mí tó o. Omi ń dà lójú mi, wọn kò ní kí n má sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n wá sí Ṣàngó lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Ibi tí wọ́n ti ka ìwé àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti ka ti Dókítà.

Pálọ̀ kan náà ni, ẹní kan náà. Baba onílé ti ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Oníkéwú wà níbẹ̀, àlùfáà náà wà níbẹ̀, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ìyá mi náà bá mi wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi. Mo ka ìwé Dókítà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, pé ẹ̀ṣọ́ ara Ìyá Oníkéwú fúnra wọn ló ń bá wọn jà, pé kòkòrò ò sí níbẹ̀ rí, pé àtọ̀sí kọ́. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Ìyá Oníkéwú gbé kẹ́tùlù dìde, wọ́n jáde. Gbogbo wa jókòó, à ń gbọ́ ìró omi ní ẹ̀yìnkùlé, ìró tí ilé náà ò gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ. Wọ́n padà wọlé, wọ́n ní, "Ẹ máa bá a lọ."

Baba onílé ló bi mí. "Ṣé ilé yìí kọ́ lo ń gbé nígbà náà?"

"Ilé yìí ni, Baba."

"O gbọ́ nígbà tí à ń ka ìwé yẹn?"

"Mo gbọ́."

"O sì mọ̀."

"Mo mọ̀ pé àwo náà mọ́, Baba. N kò sọ."

Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n sì sunkún níwájú ìyàwó wọn. Àlùfáà ní ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn fún aláìsàn tí omi ara rẹ̀ kò dúró, pé àlùwàlá kan tó fún ìrun kan, ohun tó bá kán lẹ́yìn náà, Ọlọ́run aláàánú ni. Wọ́n ní àwọn ì bá ti sọ ọ́ láti ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe pé ìwé ni gbogbo wa ń wò, tí a ò wo obìnrin tó ń dìde. Baba onílé bẹ ìyàwó wọn kí wọ́n padà wálé. Ìyá Oníkéwú ní àwọn ti fi jì wọ́n, ṣùgbọ́n yàrá kọ́ ni wọ́n fẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń wá láti inú ìlú lọ́sàn-án, wọ́n tú wàláà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ́tùlù síwájú níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Obìnrin méjì ló kọ́kọ́ wá. Nígbà tí ọdún fi máa yí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò gbà wọ́n mọ́.

Èmi náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí o kọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe tèmi. Lọ kọ tèmi bó ṣe rí."

Mo rò nígbà náà pé wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Dókítà ṣáà ti kọ tirẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníkéwú ti jáde láyé báyìí, èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó kéré sí mi ní iṣẹ́ yìí, mo sì rí wọn tí wọ́n ń gbé àwo tó mọ́ sójú fèrèsé, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Mo máa ń gba àwo náà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sọ ọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, èyí sì ni èsì Ìyá Oníkéwú láti ibi iṣẹ́ wa ní Táíwò Road, bó ti lẹ̀ pẹ́: ẹ̀jẹ̀ funfun wà, ó pọ̀. Àwo mọ́. Kò sí ohun tó hù. Iná kọ́.